Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: Adìẹ lílọ̀ tí àwọn ará Túrkì ń yan lórí irin dùn o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú jẹ ẹ́ lè bára ẹ̀ lọ́sibítù

Ẹni tó bá gba òpópónà Kingsland Road kọjá ní Dalston, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kò dìgbà tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún un pé àwọn ará Túrkì wà ládùúgbò náà. Òórùn ẹran ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Láti ibẹ̀ dé Stoke Newington, títí wọ Green Lanes lọ́hùn-ún, ilé oúnjẹ wọn ló tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Hackney náà ń bẹ nínú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Bí wọ́n bá tibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ẹ́ ro àmàlà mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran yìí ni wọ́n máa ń yà sí. Túrkì tí ọ̀rọ̀ kàn yìí, orílẹ̀-èdè ni o, kì í ṣe tọ́kì tí wọ́n ń dín tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì l'Ékòó.

Nínú gbogbo ẹran tí wọ́n ń yan níbẹ̀, ọ̀kan wà tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. Adìẹ ni, àmọ́ wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti po aáyù, ata àti ewé mọ́ ọn, wọ́n wá fọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ gígùn, wọ́n yan án lórí èédú, wọ́n sì gbé yógọ́ọ̀tì tútù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń wò ó yóò ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí? Ṣebí súyà náà ni." Bó bá délé, yóò ra adìẹ, yóò lọ̀ ọ́, yóò finá sí èédú, yóò pe àwọn ọ̀rẹ́. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹran ti já bọ́ sínú iná, igi nìkan ló kù lọ́wọ́ oníyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó lọ ra búrẹ́dì wá.

Tẹni tí tiẹ̀ já bọ́ sínú iná ṣì sàn. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù fún ni ẹni tí tiẹ̀ dúró dáadáa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tínú rẹ̀ kò sì jinná. Ìyẹn ló ń gbé èèyàn dé ọsibítù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ dán oúnjẹ yìí wò nílé kọ́kọ́ mọ ìdí rẹ̀ kó tó dá èédú sí i.

Orúkọ èèyàn ni wọ́n fi ń pè é

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Túrkì, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Adana. Ibẹ̀ ni ẹran lílọ̀ orí irin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ti wá, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹran àgùntàn ni tiwọn, pẹ̀lú ọ̀rá ìrù rẹ̀ àti ata pupa. Wọn kì í fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ ńlá kan tó tẹ̀ bí oṣù ọjọ́ kẹta, tí wọ́n ń pè ní zırh, ni wọ́n fi ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí pátákó. Ọ̀rọ̀ náà ká wọn lára débi pé lọ́dún 2005, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Túrkì, wọ́n sì kọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe é sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má kàn ṣàdédé lọ ẹran kan kó máa pè é ní Adana.

Bí wọ́n bá wá fi adìẹ ṣe é, tí wọ́n sì rọ́ aáyù sí i dáadáa, orúkọ tó wà lára pátákó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Túrkì ní Lọ́ńdọ̀nù ni "chicken beyti". Àwọn tó ń jẹ ẹ́ rò pé orúkọ ẹran ni, tàbí orúkọ ìlú. Irọ́ o. Orúkọ èèyàn ni! Ọkùnrin ọlọ́jà oúnjẹ kan nílùú Istanbul, Beyti Güler, ló ni orúkọ yẹn. Ọdún 1945 nilé oúnjẹ wọn bẹ̀rẹ̀, tábìlì díẹ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di ilé ńlá táwọn gbajúmọ̀ ń wọ́ lọ. Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹran tí ọkùnrin náà fi lókìkí, odidi ẹran ẹ̀yìn àgùntàn ni, wọn kì í lọ̀ ọ́ rárá. Àwọn ẹlòmíràn ló mú orúkọ rẹ̀, wọ́n fi sọ ẹran lílọ̀, adìẹ náà sì bá wọn dé Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ rere kì í sinmi lóòótọ́.

Omi ni ọ̀tá

Kí ló dé tí tàwọn ará Túrkì fi ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ irin, tí tàwọn yòókù ń já bọ́? Àwọn kan rò pé ẹyin ni wọ́n fọ́ sí i, àwọn mìíràn ní ìyẹ̀fun ni. Kò sí ẹyin, kò sí ìyẹ̀fun nínú ti gidi. Omi ni wọ́n ń sá fún.

Gbogbo ẹni tó bá ti dín àkàrà rí mọ̀ pé bí ẹ̀wà bá ti lómi jù, inú epo ni yóò fọ́nká sí. Bákan náà lọ̀rọ̀ ẹran lílọ̀ rí. Àlùbọ́sà kún fún omi, tàtàṣé kún fún omi. Bí wọ́n bá lọ méjèèjì mọ́ ẹran láìfún un gbẹ, omi náà kò ní í jẹ́ kí ẹran di ara rẹ̀ mú. Bí iná bá sì ti kàn án, omi á fẹ́ẹ́ jáde, ẹran á là, ó di gbì nínú èédú.

Ohun kejì ni iyọ̀ àti ọwọ́. Bí iyọ̀ bá wọnú ẹran, tí wọ́n sì fọwọ́ pò ó dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, nǹkan kan máa ń jáde látinú ẹran náà fúnra rẹ̀ tó ń lẹ̀ bí àtè. Òun ló ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ bíná bá kàn án. Ẹni tó bá kàn rò ó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta tó ní ó ti tó, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rá. Ẹran àyà adìẹ kò ní ọ̀rá, bí wọ́n bá lọ òun nìkan, gbígbẹ ni yóò gbẹ bíi pákó. Itan adìẹ ló dáa, pẹ̀lú awọ díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹrin sì ni òtútù. Ọ̀rá tó bá ti ń yọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ kò lè di ẹran mú, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan ó kéré tán kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.

Irin yẹn náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Pẹlẹbẹ ni, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó ìka àtàǹpàkò. Igi súyà tó rí roboto kò lè yí ẹran lílọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá yí igi, igi nìkan ni yóò yí, ẹran á dúró síbi tó wà bí ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń fún wẹ́dà níṣẹ́ láti bá wọn gé irin gbọ́dọ̀ sọ fún un pé irin tí kì í dípata ni àwọn fẹ́. Irin tí wọ́n fi síńkì bò kò dáa lórí iná, nítorí èéfín síńkì burú.

Ibi tí ewu wà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè pé ta ni súyà pa rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ súyà ẹran màlúù àti ti adìẹ lílọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ra. Lára odidi ẹran, ẹ̀yìn ni kòkòrò àrùn sábà máa ń wà. Mọ́là ti gé ẹran rẹ̀ pẹlẹbẹ, iná ń jó o lójú méjèèjì, kò síbi tí kòkòrò fẹ́ẹ́ sá sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ ẹran, ohun tó wà lẹ́yìn ti dénú nìyẹn. Gbogbo ìdọ̀tí tó wà lára awọ, lára ọ̀bẹ, lára ọwọ́ alápatà, ó ti pò mọ́ ọn. Kòkòrò tó sì wọ́pọ̀ lára adìẹ, Salmonella àti Campylobacter, kì í ṣe ọ̀rẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ni wọ́n ń fà, ó sì máa ń le jù lára ọmọ kékeré, aláboyún àtàwọn àgbàlagbà.

Nítorí náà, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba pé adìẹ, ìbáà ṣe odidi, ìbáà ṣe lílọ̀, gbọ́dọ̀ gbóná dé dígírì 74 nínú gbùngbùn rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ẹran wà lọ́jà. Wọ́n á tì í bọ àárín ẹran níbi tó ti ki jù. Ẹni tí kò ní i, kó gé ọ̀kan tó ki jù lọ sí méjì. Bí inú bá ṣì pọ́n, tàbí tí omi tó ń jáde lára rẹ̀ kò mọ́ gaara, tàbí tí kò gbóná janjan láti ẹ̀yìn dénú, kò tíì tó jẹ. Ẹ̀yìn tó pọ́n kò jẹ́rìí sí inú.

Ìjà kan tún wà nílẹ̀ láàárín àwọn ìyá wa àtàwọn òyìnbó. Lóṣù kẹfà ọdún 2014, àjọ tó ń mójútó ọ̀rọ̀ oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Food Standards Agency, pariwo síta pé káwọn èèyàn jáwọ́ nínú fífọ adìẹ tí wọn ò tíì sè. Wọ́n ní omi tó ń ta sí ọ̀tún ta sí òsì lásìkò tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ ló ń gbé Campylobacter sára àwo, sára aṣọ, sórí tábìlì ìdáná. Ìyá wo nílẹ̀ Yorùbá ni yóò gbọ́ irú ẹ̀ tí kò ní í ní ayé ti bàjẹ́? Wọ́n á ní adìẹ tí wọn ò fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, ta ni yóò gbé e sẹ́nu?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ọkàn yín kò lè balẹ̀ láìfọ adìẹ, ẹ má ṣe gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń dà ṣàá. Ẹ rọra fọ̀ ọ́ nínú abọ́ jíjìn kan, ẹ da omi náà nù jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná bo abọ́ àti ibi ìfọbọ́ náà mọ́lẹ̀. Ẹ sì fi aṣọ tàbí pépà mímọ́ nu adìẹ yẹn gbẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń mú òórùn lọ, àmọ́ kò lágbára iná. Iná nìkan ló ń pa kòkòrò inú ẹran lílọ̀.

Àwọn tó wà nílé náà ní tiwọn. Láti ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fòfin de kíkó adìẹ inú yìnyín wọlé látòkè òkun, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ kò yéé gba ọ̀nà Kútọnu kó o wọlé, táwọn aṣọ́bodè sì ń gbá wọn mú léraléra. Adìẹ tó ti yọ́ lójú ọ̀nà, tó tún padà dì nínú fírísà, tó tún yọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tí wọ́n tún dá a padà, kò yẹ lẹ́ni tó yẹ kó di ẹran lílọ̀. Adìẹ tí wọ́n pa lójú ẹni ló dáa jù, tàbí èyí tó wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ń sìn ín, téèyàn mọ̀ ọ́n.

Ohun mìíràn tún ni ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé adìẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọta lọ́jà. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣe é fọ̀ dénú, ata ẹlòmíràn ló sì máa tẹ̀ lé ẹran yín. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ ìlọran nílé, kó fi ọ̀bẹ mímú méjì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí pátákó. Ṣebí bí àwọn ará Adana ṣe ń ṣe tiwọn nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Fún irin mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kílò kan itan adìẹ tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀ ti tó. Àlùbọ́sà ńlá kan, tàtàṣé kan, aáyù mẹ́rin, ìwọ̀nba ewé parsley tí wọ́n rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ata gígún ṣíbí tíì méjì, cumin ṣíbí tíì kan, àti iyọ̀ gíráàmù 15, ìyẹn bíi ṣíbí tíì méjì àbọ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́ àlùbọ́sà àti tàtàṣé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á dì wọ́n sínú aṣọ funfun mímọ́, wọ́n á fún un títí omi rẹ̀ á fi tán. Wọ́n á lọ ẹran nígbà tó ṣì tutù. Wọ́n á wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó rèé: wọ́n á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á da ọwọ́ dé. Bí kò bá já bọ́, ó ti tó nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó, kó dín bíńtín nínú agbada kó tó tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ahọ́n kan án ní tútù.

Lẹ́yìn wákàtí kan nínú fíríìjì, wọ́n á fi omi ra ọwọ́, wọ́n á mú ìwọ̀n ẹran tó kún ọwọ́ kan, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ki jù. Òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́ irin jù, torí ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹni tó jẹ́ pé igi ló ní, kó wá èyí tó pẹlẹbẹ, kó sì rẹ ẹ́ sómi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó má baà jóná.

Èédú gbọ́dọ̀ jó títí tí eérú funfun á fi bò ó. Àwọn tó ń fi ọ̀rá láílọ́ọ̀nù dáná sí èédú, tàbí tí wọ́n ń da kẹrosíìnì lé e lórí, ẹ yé é ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹran ni èéfín rẹ̀ ń lọ. Àwọn ará Túrkì kì í fi ẹran yìí lé orí wáyà. Etí ààrò méjèèjì ni wọ́n ń fi orí àti ìdí irin lé, kí ẹran máa fò láàárín láìfara kan nǹkan kan. Ẹni tó bá gbé e lé wáyà, wáyà ni yóò jẹ ẹran rẹ̀. Bíríkì méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì àkọ́kọ́, wọ́n á máa yí i lóòrèkóòrè kí gbogbo ara rẹ̀ lè gán. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi sùúrù yan án fún bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí méjìlá, gẹ́gẹ́ bí iná bá ṣe le sí. Bí ọ̀rá bá kán tí iná bú gbàù, wọ́n á sún irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwo tí wọ́n fi gbé ẹran tútù wá, wọn ò gbọdọ̀ fi gbé èyí tó jinná lọ. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́, tí wọ́n á yan ẹran jinná tán, tí wọ́n á tún dá a padà sórí kòkòrò.

Yógọ́ọ̀tì kì í ṣe fún ẹwà

Àwọn kan á jẹ ẹran náà tán, wọ́n á ti yógọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní ounjẹ ọmọdé ni. Wọn ò mọ̀ pé òun ló ń pa iná ata. Omi lásán kì í pa ata lẹ́nu, àmọ́ èròjà kan wà nínú wàrà tó ń di ohun tó ń ta lára ata mú, tó sì ń gbé e lọ. Kíkan rẹ̀ tún ń ge ọ̀rá, ó sì ń mú ẹran adìẹ tó fẹ́ẹ́ gbẹ rọrùn láti gbé mì.

Cacık làwọn ará Túrkì ń pe tiwọn. Àwọn ará Gíríìsì ń pe èyí tó jọ ọ́ ní tzatziki, àwọn ará Íńdíà sì ní raita. Yógọ́ọ̀tì ìlàjì kílò, kùkúmbà kan, aáyù kan tí wọ́n gún, iyọ̀ díẹ̀, ewé minti àti òróró ólífì díẹ̀ lórí ni. Ìṣòro tó wà nílé ni pé ọ̀pọ̀ yógọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbé kiri láàárín sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ l'Ékòó, ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣe é lò o. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn tó mọ nọ́nọ̀ tàwọn Fúlàní máa ń jẹ pẹ̀lú fúrá á mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Omi tún rèé o! Wọ́n gbọ́dọ̀ rin kùkúmbà, kí wọ́n bu iyọ̀ sí i, kí wọ́n fún un gbẹ. Yógọ́ọ̀tì náà, bó bá ṣàn jù, kí wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ fún wákàtí kan nínú fíríìjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n tó jẹun dé ìdajì, omi lásán ni yóò kù nínú abọ́. Kò sì gbọdọ̀ dúró síta ju wákàtí méjì lọ. Bí ooru bá mú kọjá dígírì 32, bó ṣe máa ń mú níbi ayẹyẹ wa, wákàtí kan ti tó. Ẹni tó ní àlejò púpọ̀, kó máa bù ú díẹ̀díẹ̀ látinú fíríìjì.

Kò sí idán kankan nínú oúnjẹ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́n ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Súúrù ló ń gbà: sùúrù láti fún omi dànù, láti pò ó, láti jẹ́ kó tutù, àti láti dúró tì í títí inú rẹ̀ á fi jinná. Àwọn àgbà ló ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí àlejò bá ń kánjú, ẹ fún wọn ní ẹ̀pà kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ó sàn kí wọ́n kùn pé oúnjẹ pẹ́ ju kí wọ́n máa pe fóònù yín lóru pé kí lẹ fún àwọn jẹ.